Iyọ̀ Nínú Àwo Àwọn Òbí

Wọ́n ti yọ Ṣìkẹ́mi kúrò lára àwọn tó ń se oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Tucker, létí Atlanta níbí. Wọn ò yọ ọ́ ní gbangba o, ẹ ṣáà mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń yọ èèyàn. Wọ́n kàn ní kó máa bá àwọn pín omi. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé oúnjẹ rẹ̀ ò níyọ̀ mọ́. Ṣìkẹ́mi tó jẹ́ pé bó bá se ìrẹsì tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí, tí wọn kì í fẹnu kan nǹkan kan ju pizza lọ, á máa ti ara wọn nídìí ìkòkò! Àwọn kan ní ìgbéraga ló dé bá a. Àwọn kan ní bóyá ọkọ rẹ̀ ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ gbé ṣíbí yín sílẹ̀, kí n sọ ohun tójú obìnrin yẹn rí, kí ẹ lè fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Ọmọ Èṣà-Òkè ni Ṣìkẹ́mi, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà gan-an. Tíṣà ni ní Iléṣà kó tó bá Akíntóyè ọkọ rẹ̀ wá sí Atlanta, Social Studies ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìgbà tó débí, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ò wúlò ju bébà tí wọ́n fi ń di àkàrà lọ, ló bá kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Akíntóyè ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Covington. Ọmọ kan ni wọ́n ní, Ìbùkúnolúwa, ọmọ ọdún méje. Ẹni tí wọ́n ní kí Ṣìkẹ́mi máa tọ́jú ni Miss Damaris, obìnrin tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó ń dá gbé nínú apartment ìsàlẹ̀ kan létí Lawrenceville Highway. Ọmọ erékùṣù Grenada ní òkun Caribbean ni. Ó ti pẹ́ ní Atlanta, ọkọ rẹ̀ ti kú síbí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Clara, ń gbé ní Suwanee, ọjọ́ Sunday nìkan ló sì máa ń ráyè wá.

Dókítà ti ka iyọ̀ léèwọ̀ fún Miss Damaris nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti kíndìnrín. Nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ohun tó ń dun Ṣìkẹ́mi jù nìyẹn. Kí èèyàn máa gbé oúnjẹ àtẹ́ fún àgbàlagbà! Bó bá gbé abọ́ síwájú màmá, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó jalè. Màmá ò sì ráhùn rí. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló ń jẹ ẹ́, á ní òun ò fẹ́ iyọ̀, òun ò fẹ́ ẹ rárá. Ṣìkẹ́mi rò pé sùúrù ni. Ó máa ń sọ fún Akíntóyè pé àwọn èèyàn erékùṣù yìí mà ní sùúrù o.

Kí ni Ṣìkẹ́mi tiẹ̀ mọ̀ nípa àwọn èèyàn erékùṣù? Kí ni èmi gan-an mọ̀? Nínú ìwé tó fi ń kọ́ ọmọ ní Iléṣà, wọ́n kó àwọn èèyàn wa wọ ọkọ̀ ojú omi ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan, nígbà tí ẹ bá ṣí i sí òdì kejì, òwò kòkó ló kàn. Wọ́n lọ, ó parí. Kò sí ọmọ kankan tó nawọ́ sókè pé, "Ma, níbo ni wọ́n wá dé?" Òun náà ò bi ara rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀ fún màmá. Màmá dédé sọ̀rọ̀ pé, "Ọmọ mi, kí n tó kú, mo fẹ́ ṣe saraka kan."

Ọwọ́ Ṣìkẹ́mi dúró. "Kí lẹ pè é, Mama?"

"Saraka. Oúnjẹ àwọn ọmọdé. Nílé wa, bí òkú bá wá sójú àlá rẹ, tàbí bí ọ̀nà bá dí mọ́ ẹ, o ó sè, o ó pe gbogbo ọmọ àdúgbò, wọ́n á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á fọwọ́ jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ ló ń kọ́kọ́ jẹ. Àgbà ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó yó."

"Yéè!" Ṣìkẹ́mi kígbe, èékánná fò lọ sábẹ́ àga. "Sàráà! Mama, sàráà nìyẹn!" Ìyá ìyá rẹ̀ ní Èṣà-Òkè, bó bá lálàá tí kò yé e, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ó ti ń din àkàrà, ó ti ń pe ọmọ ilé, ọmọ òde. Ṣìkẹ́mi fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń sáré jẹ ẹ́. Ó ní, "Mama, èèyàn ibo làwọn baba ńlá yín?"

Màmá ronú díẹ̀. "Ìyá ìyá mi máa ń lu àyà pé Ijesha ni wá. N kò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Láti kékeré ni mo ti rò pé orúkọ ọkọ̀ tó kó wọn wá ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ṣìkẹ́mi kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú ohun ìgékánná lọ́wọ́, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Orúkọ ọkọ̀ kọ́, Mama. Orúkọ tiwa ni. Ìjẹ̀ṣà lèmi náà." Màmá gbá orí rẹ̀ mú, ó ń fọwọ́ pa á bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà, ó ń wojú rẹ̀ láti rí ẹni tó jọ níbẹ̀. Àwọn méjèèjì sunkún títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù.

Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, ìtàn ayọ̀ ni ǹ bá máa sọ fún yín.

Àmọ́ àwa èèyàn yìí ní àìsàn kan. Orílẹ̀-èdè tó pọ̀ bí eṣú pàdé erékùṣù tí kò tó ìjọba ìbílẹ̀ kan, kíá, ó ti di bàbá wọn. Láti ọjọ́ náà ni Ṣìkẹ́mi ti di ọ̀gá lórí ọ̀rọ̀ màmá. Bí màmá bá sọ nǹkan, á ní, "Rárá, Mama, bó ṣe yẹ kó jẹ́ nìyí." Ó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ròyìn kiri pé òun rí àwọn ẹ̀yà wa tó sọ nù, pé àṣà wa ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n kàn ti gbàgbé díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ ni, òun máa bá wọn tún un ṣe. Mo gbọ́ ọ létí ara mi. Mo tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Ohun tó wà lọ́kàn màmá kò sì jọ eré rárá. Ó sọ ọ́ fún Ṣìkẹ́mi bó ṣe ń bá a di irun. Nílé wọn ní Grenada, àwọn òbí, ìyẹn àwọn tó ti kú nínú ìdílé, ló máa ń wá pàdé ẹni tó bá fẹ́ lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ wá sójú àlá, wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ pé ó tó àsìkò, má bẹ̀rù. Ìyá rẹ̀ rí wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí wọn. Ṣùgbọ́n látìgbà tí òun ti wọ bàálù wá sí Amẹ́ríkà, ẹnì kankan ò yọjú sí òun rí. Kódà ìyá òun ò wá. Ó ní, "Wọn ò mọ ọ̀nà ibí. Bí mo bá kú báyìí, ta ni yóò wá mú mi? Mo máa dúró sí ibi ìsìnkú ní Suwanee láàárín àwọn tí n kò mọ̀ rí, títí ayé. Saraka yẹn ni wọ́n á fi mọ ọ̀nà."

Ṣìkẹ́mi ní, "Mama, ẹ fọkàn balẹ̀. A máa ṣe é."

Wọ́n pe Clara lórí fóònù. Clara ní bó bá ti máa múnú Mummy dùn, kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n ṣáà má jẹ́ kó fara ṣiṣẹ́. Màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ fún Ṣìkẹ́mi: adìyẹ, ìrẹsì, ẹ̀wà, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n máa rò, tí wọ́n máa mọ ní bíríkítí. Ìkòkò méjì. Ti àwọn ọmọ, ti àwọn òbí. "Àwo àwọn òbí á wà lórí tábìlì nínú yàrá mi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kó má níyọ̀. Ẹyọ iyọ̀ kan ò gbọdọ̀ kàn án. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mama."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ó kàn gbà pé ọ̀rọ̀ dókítà ló ti wọ màmá lára. Nígbà tó délé, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́ fún Akíntóyè: "Dókítà ní kí Mama má jẹ iyọ̀, Mama wá ka iyọ̀ léèwọ̀ fún àwọn tó ti kú láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún! Òkú wo ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru?"

Akíntóyè ò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó rẹ̀ ẹ́ láti ibi iṣẹ́. Ó ní, "Ṣìkẹ́, ohun tí màmá ní kó o ṣe ni kó o ṣe. Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni."

"Ibòmíràn wo? Ìjẹ̀ṣà kọ́ ni wọ́n ni? Ilé wa kan náà ni."

Ọjọ́ Saturday ni wọ́n ṣe é. Ṣìkẹ́mi ti wà ní ìdí ààrò láti àárọ̀. Ìbùkúnolúwa wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tí ń gbé nínú ilé náà sì wá, àwọn ọmọ Mẹ́síkò, ọmọ Ethiopia, àwọn ọmọ Samirah tó ń gbé lókè. Màmá wọ aṣọ funfun, wọ́n gbé àga rẹ̀ sí pálọ̀, ó da omi díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣìkẹ́mi ń gbọ́ ọ láti kíṣìnnì. Ìkòkò àwọn òbí ló wà níwájú rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò. Àtẹ́ ni, bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò.

Ojú tì í. Àwọn àgbà tó rin ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n jí gbé lọ láti Ìjẹ̀ṣà, wọ́n á wá dé ọ̀dọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kó gbé èyí fún wọn? Ìyá ìyá rẹ̀ á gbá a létí láti inú sàréè. Iyọ̀ la fi ń ṣàdúrà fún ọmọ tuntun. Iyọ̀ la fi ń gba àlejò tó bá ṣọ̀wọ́n. Ó bu iyọ̀ sọ́wọ́, ó sì wúre sí i tọkàntọkàn: bí iyọ̀ ṣe ń dùn, kí ọ̀rọ̀ Mama dùn. Kí ọ̀nà Mama dùn. Ó dà á sí i, ó rò ó pọ̀, ó tún tọ́ ọ wò. Ó dùn. Kò sí ẹ̀tàn nínú ohun tó ṣe, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹ ò rí ọjọ́ tó dùn tó ọjọ́ yẹn rí. Àwọn ọmọ jókòó yí ọpọ́n ká, wọ́n fọwọ́ jẹ ẹ́, wọ́n fi ẹ̀wà kun ara wọn lójú. Màmá kọrin kan tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, Ìbùkúnolúwa ń gbè é fún un. Ìgbà tí Ṣìkẹ́mi gbé àwo àwọn òbí wọ yàrá, màmá dìde lórí àga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dì í mú. Ó ní, "Lónìí, wọ́n á wá."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ṣìkẹ́mi yà síbẹ̀ kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bá màmá lórí ibùsùn, ó jókòó ṣánṣán, ojú rẹ̀ wà lára àwo tó wà lórí tábìlì. Oúnjẹ náà ti gbẹ lójú.

"Mama, ẹ káàárọ̀. Ṣé wọ́n wá?"

"Rárá. Mo sùn, n kò lálàá kankan. Òfìfo." Ó wo Ṣìkẹ́mi. "Ọmọ mi, ṣé bí mo ṣe ní kó o ṣe é lo ṣe é?"

Ká ní ó purọ́! Ọlọ́run ì bá dárí jì í. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn sí ohun tó ṣe, ó tiẹ̀ ti ń wá àyè láti sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe, Mama. Mo tiẹ̀ bu iyọ̀ díẹ̀ sí tiwọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ilé ni wọ́n dé."

Màmá ò pariwo. Ó na ìka sí àwo náà, ó fi í kan ahọ́n. Ó pa ojú dé.

Ó ní, "Nígbà tí òyìnbó kó àwọn òbí wa dé Grenada, iyọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fún wọn. Ẹja oníyọ̀, ẹran oníyọ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ á wúwo, á di ti ilẹ̀ ibẹ̀, kò ní lè lọ mọ́. Àwọn tí kò fẹnu kàn án, ara wọn fúyẹ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ju ọkọ́ sílẹ̀ nínú oko, wọ́n fò kọjá òkun, wọ́n padà sílé. Àwọn yẹn ni mò ń pè. Bí wọ́n bá ti gbọ́ òórùn iyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á mọ̀ pé ilé àwọn tó dè wọ́n ni. Wọ́n á yí padà." Ó la ojú. "Wọ́n wá dé ẹnu ọ̀nà yẹn lánàá. Wọ́n sì yí padà."

Ṣìkẹ́mi ní, "Mama, lọ́dọ̀ tiwa, iyọ̀ la fi ń wúre..."

"Lọ́dọ̀ yín," ni màmá wí. "Wọn ò kó ẹ̀yin lọ."

Ṣìkẹ́mi dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní òun á tún un ṣe lónìí, òun á ra adìyẹ méjì, òun ò ní jẹ́ kí iyọ̀ wọ ilé náà. Màmá mi orí. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tún ṣe bẹ́ẹ̀. A kì í fi iyọ̀ lé àgbà lọ tán, ká tún máa juwọ́ sí i. Ó wá bèèrè pé, "Oúnjẹ mi ńkọ́? Dókítà ní kí n má jẹ iyọ̀, inú mi dùn, torí mo fẹ́ kí ara mi fúyẹ́ kí wọ́n tó dé. Ṣé o ti ń fi iyọ̀ sí tèmi náà?"

"Rárá o! Mo fi Ọlọ́run búra, Mama. N kò fi sí i rí."

Òótọ́ ló sọ. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Màmá wò ó títí, ó kọjú sí ògiri.

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti jẹ oúnjẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Kì í ṣe pé ó ń bínú, ká ní ìbínú ni, à bá bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń ti abọ́ náà sẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́. Ṣìkẹ́mi se ọkà lójú rẹ̀, kò jẹ ẹ́. Clara gbé oúnjẹ wá láti Suwanee, kò jẹ ẹ́. Kódà omi, á kọ́kọ́ fi kan ahọ́n, á gbé e sílẹ̀. Ṣìkẹ́mi ń jókòó sí ìsàlẹ̀ ibùsùn rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń sọ pé, "Mama, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kẹ́ ẹ fìyà jẹ." Màmá á ní kó má sunkún, ojú rẹ̀ á wú. Ètè màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Nígbà tó di pé kò lè gbé orí sókè mọ́, Clara pe ọkọ̀ ọsibítù.

Ohun tó pa Ṣìkẹ́mi jù ni pé Clara ò bá a jà. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un ní ibi ìdúró àwọn àlejò ní ọsibítù. Clara gbá a mọ́ra, ó ní, "Oúnjẹ lásán ni, Aunty. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ẹ ṣé." Ọmọ tí wọ́n tọ́ sí Atlanta ni, kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí. Ṣìkẹ́mi wá rí i pé nínú gbogbo ìlú yìí, òun nìkan ló mọ ohun tí òun bà jẹ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ṣùgbọ́n kí lèèyàn ń fi àbámọ̀ ṣe?

Wọ́n jẹ́ kó wọlé lọ rí màmá. Ó ti kéré lórí ibùsùn náà. Nọ́ọ̀sì ní omi ara rẹ̀ ló gbẹ, àwọn sì ti ń fa omi sí i lára. Ṣìkẹ́mi gbójú sókè wo ọ̀rá tó ń kán tó, tó, tó lórí irin. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Iṣẹ́ tó ń ṣe ti kọ́ ọ ní ohun tí sodium chloride jẹ́. Omi iyọ̀ ni.

Ó di irin ibùsùn mú. Ta ni kó pè? Kí ló máa sọ fún wọn, kí wọ́n fà á yọ kí màmá lè tètè kú?

Màmá la ojú. Ó tẹ̀ lé ojú Ṣìkẹ́mi dé ibi ọ̀rá náà. Ohùn rẹ̀ ò ju èémí lọ. "Ọmọ mi, kí ló wà nínú ìyẹn?"

Lẹ́ẹ̀kejì, Ṣìkẹ́mi ò ṣe àṣìṣe ti àkọ́kọ́. Ó purọ́. "Omi ni, Mama."

"Omi lásán?"

"Omi lásán ni."

Màmá mi orí díẹ̀, bí ẹni tó gbà. Ó gbìyànjú láti gbé ọwọ́ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ sí, ọwọ́ náà ò gbéra. Ó tún un gbé. Ó wo Ṣìkẹ́mi. "Kí ló wá dé tí ara mi ń wúwo báyìí?"

Ṣìkẹ́mi di ọwọ́ náà mú, ó ní, "Ẹ sùn, Mama." Màmá ò sùn. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ó ń wò ó. Ọjọ́ Thursday ló kú, ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.